Bàbá Kúdí àti Yìgì Orí Fíìmù

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ó dìgbà o. Ó dìgbà wo, Bàbá Kúdí? Ẹ sọ fún mi kí n mọ̀. Ẹni tó lọ sí ìrìn àjò, èèyàn lè jókòó de. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé kọjá níwájú mi lábẹ́ aṣọ funfun, ìgbà wo ni kí n máa retí yín? Áà! Ikú ṣe mí o! Ikú wọlé mi, ó mú olówó orí mi lọ, ó fi mí sílẹ̀ nínú òtútù Manchester, mo dà bí ilé tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀.

Èmi Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Ganíyù Àkànní, ìyá Kúdí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń ṣètò ìwé àdúà ọjọ́ kẹjọ sọ fún mi pé kí n kọ ọ́ kó kúrú, kó dùn létí, kí n má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mí, mi ò kì í ṣe alága ìjókòó. Ohun tí ojú mi rí ni màá kọ, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí wọ́n gé e.

Àkànní ọmọ Ìbàdàn! Ọkùnrin gìrìwò, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ni títì. Ọ̀làwọ́ tí kì í jẹun láìpe ẹni tó ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí n yìn yín díẹ̀ kí ọkàn mi tó dàrú. Ta ni kò mọ̀ yín ní Cheetham Hill? Ẹni tó ń wọ kóòtù onírun nínú oṣù Keje. Ẹni tó ń wọ bàtà yẹ́lò, tí àwọn tó ń ta ọjà ọ̀pọ̀ á fi páálí sílẹ̀, tí wọ́n á jáde wá wò ó. Ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ ó kí awakọ̀, ẹ ó kí ìyá arúgbó tó jókòó síwájú, ẹ ó kí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀, ẹ ó tún gun òkè bọ́ọ̀sì lọ kí àwọn tó kù. Èmi á máa fà yín lẹ́wù. Mo ní, “Bàbá Kúdí, wọn ò mọ̀ yín o.” Ẹ ó ní, “Wọn ò tíì mọ̀ mí ni.” Àwọn èèyàn wa ló sọ yín ní Họ́líwúùdù. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnu wọn ò gba yẹ̀yẹ́ mọ́.

Nígbà tí a dé ìlú yìí, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Openshaw lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sórí pẹpẹ gíga. Bí ẹ bá ti ṣíwọ́, ẹ ó wálé wá wẹ̀, ẹ ó múra bí ẹni tó ń lọ bá gómìnà jẹun, ẹ ó wá gbé kámẹ́rà kékeré yẹn lé èjìká, ẹ ó máa ṣe fíìmù. Pálọ̀ wa ni ààfin ọba. Òun náà ni ọsibítù, òun náà ni ilé ẹjọ́. Bí ọba bá wàjà nínú pálọ̀ láàárọ̀, èmi ni màá palẹ̀ ọba mọ́ kí a tó ríbi jẹun ọ̀sán. Kúdí á ti ilé ìwé dé, á bá àwọn olóyè lórí àga, á kúnlẹ̀ kí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wá gbé báàgì rẹ̀ lọ sí kíṣìnnì lọ ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un.

Ọ̀rọ̀ kan lẹ máa ń sọ nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti bá yín ṣe fíìmù rí á ti gbọ́ ọ tó ọ̀nà ẹgbẹ̀rún: “Kò sí ayédèrú níbi tèmi.” Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun nínú fíìmù yín, iyán gidi ni, èmi ni mo sì ń gún un. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá èèyàn létí, ìgbájú á dún. Bí òjò bá ní láti pa wọ́n, ẹ ó kó wọn sí ìta, òjò ò sì wọ́n wa ní Manchester. Bí ọmọbìnrin kan bá ní láti sunkún tí omi ò jáde lójú rẹ̀, ẹ ó jókòó tì í, ẹ ó máa bi í nípa ìyá rẹ̀ tó fi sílé, ẹ ó máa rọra bi í títí ẹkún á fi gbọ̀n ọ́n. Kódà ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n yí orúkọ padà. Bí òṣèré bá ń jẹ́ Làtí nílé, Làtí ló máa jẹ́ nínú fíìmù. Ẹ ní èèyàn kì í yára dáhùn orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yín ṣe ń gòkè. Fíìmù àkọ́kọ́, orí fóònù ni wọ́n ti wò ó. Èkejì, inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n kún sí. A jẹ́ Mùsùlùmí o, ṣùgbọ́n ẹ ti fi pásítọ̀ wọn ṣe adájọ́ nínú fíìmù náà, ó sì mọ̀ pé òun ṣe é dáadáa. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, gbọ̀ngàn ńlá ní àárín ìgboro lẹ gbà. Àwọn èèyàn ti London wá, wọ́n ti Leeds wá, wọ́n ti Birmingham wá. Ẹ gba mọ́tò funfun gígùn kan, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé wa yípo Openshaw kí àwọn tí ẹ jọ kó páálí kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lè rí yín. Kápẹ́ẹ̀tì pupa tí ẹ rà ní Cheetham Hill, òjò rọ̀ sí i, aró rẹ̀ ń jáde, gbogbo àlejò pátá fi ẹsẹ̀ pupa wọlé. Ojú tì mí. Ẹ̀yin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ na ọwọ́ méjèèjì, ẹ ní, “Ẹ má nù ún o, ẹ gbé e délé, kí wọ́n mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀!” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, Bàbá Kúdí, inú mi dùn gan-an ni. Ta ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni òkè pin sí?

Gbogbo àsìkò yìí, ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Alhaji Múfútáù. Wọ́n ní kí n má dárúkọ rẹ̀, mo ti dá a. Àdúgbò kan náà lẹ ti dàgbà n'Íbàdàn, ẹ jọ lọ ilé kéú, àfáà kan náà ló na ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kì í pe ara yín lórúkọ. “Èkejì mi” lẹ̀ ń pe ara yín. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí ẹ bá ti kírun tán, ilé wa ló ń bá yín bọ̀. Mi ò kì í béèrè kí n tó bu oúnjẹ tirẹ̀. Nínú fíìmù, òun ni bàbá gbogbo ayé: bàbá ìyàwó, bàbá ọkọ, bàbá olè. Ó ní ojú tó ń káàánú èèyàn, ẹ ní kámẹ́rà fẹ́ràn ojú yẹn.

Fíìmù kẹrin ló yẹ kó gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Ìgbéyàwó Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀. Àmínà, ọmọ Alhaji fúnra rẹ̀, tó ń kàwé ní yunifásítì tó sì ń gbé Fallowfield, lẹ ní kó ṣe ìyàwó. Làtí, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, lẹ ní kó ṣe ọkọ. Ẹ gbọ́ o, Àmínà yìí ti ní àfẹ́sọ́nà ní London, ọmọ ìdílé Ìlọrin kan tó di ẹ̀sìn mú. Ìdílé méjèèjì ti rí ara wọn. Ó kù kí ọmọ parí ẹ̀kọ́ kí wọ́n so yìgì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dọ̀ tiwa, yìgì kì í ṣe òrùka, kì í ṣe kéèkì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bàbá á ní òun fi ọmọ òun fún lágbájá; lágbájá á ní òun gbà á; sàdáákì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó, á wà nílẹ̀; àwọn ẹlẹ́rìí á wà níbẹ̀; àfáà á ṣe àdúà. Ó parí nìyẹn, wọ́n ti di tọkọtìyàwó. Láti kékeré ni wọ́n sì ti ń kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi í ṣeré.

Onífíìmù mìíràn á gbé fìlà lé òṣèré kan lórí, á ní kó máa kùn lẹ́nu, ó tán. Ẹ̀yin kọ́! Àfáà gidi lẹ gbé wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn pé òun máa hàn nínú fíìmù Họ́líwúùdù. Mo gbé àwo oúnjẹ dání lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Mo ní, “Bàbá Kúdí, ṣé kò ní dáa kí wọ́n fo ibi tí bàbá ti ń fi ọmọ fọ́kọ yẹn?” Alhaji gan-an wò yín lójú, ó ní, “Èkejì mi, ìyàwó wa sọ̀rọ̀ o.” Ẹ ju ọwọ́ nù. Ẹ ní, “Kò sí ayédèrú níbi tèmi. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé eré ni.”

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́. Ni Alhaji bá di ọwọ́ Làtí mú, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ó ní òun fi í fún un. Làtí ní òun gbà. Wọ́n gbé Àlùkùránì kalẹ̀ fún sàdáákì. Àfáà ṣe àdúà, àdúà náà sì dùn, gbogbo pálọ̀ ló dáhùn Àmín. Omi bọ́ lójú Alhaji, omijé gidi, torí bàbá wo ló máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn tí ara rẹ̀ kò ní bù máṣọ? Ẹ̀yin fò sókè lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ ní, “Gidi nìyẹn!” Inú yín dùn débi pé ẹ ò lè dúró kí fíìmù parí. Ẹ gé ibi yìgì yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo èèyàn kí wọ́n fi tọ́ ọ wò.

Ó dé London kí Jímọ̀ míì tó pé. Bàbá àfẹ́sọ́nà Àmínà kò pariwo. Ó kàn pe Alhaji lórí fóònù, ó bi í ní ìbéèrè. “Àfáà yẹn, ṣé àfáà ni àbí òṣèré?” Àfáà ni. “Bàbá tó fi ọmọ fún wọn yẹn ńkọ́, ṣé bàbá rẹ̀ ni àbí òṣèré?” Bàbá rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Àwọn kan ní eré ni, kò sí nínú ọkàn ẹnikẹ́ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní rárá, yìgì kò ní àwàdà, ó ti so, àfi kí Làtí kọ ọmọ náà sílẹ̀ kó tó lè tú. Ọmọ ọlọ́mọ dúró níwájú wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó ń kọ obìnrin tí kò fẹ́ rí sílẹ̀. Bí Àmínà ṣe di dálémosú nìyẹn, ọmọ tí kò tíì rí ilé ọkọ dá. Àwọn ará London ní àwọn ò lè fẹ́ ẹni tí ọkọ ti kọ̀. Àmínà fi yunifásítì sílẹ̀, ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó kó lọ sí Scotland.

Alhaji wá sílé wa lọ́jọ́ tí ọmọ náà kó lọ. Mo ní kó wọlé, kò wọlé. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ganíyù, o bà mí láyé jẹ́.” Ganíyù! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, mi ò gbọ́ ọ kó pè yín bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí padà, ó ń lọ. Ẹ̀yin dúró síbẹ̀ títí òtútù fi kún inú ilé, kí n tó lọ tilẹ̀kùn.

Fíìmù kẹrin kò rí ojú ọjọ́. Àwọn ìyá pe ọmọbìnrin wọn sílé. Pásítọ̀ tó ṣe adájọ́ ní gbọ̀ngàn kò ṣófo mọ́. Àwọn tó ń bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀ pé kí ẹ fi àwọn sínú fíìmù, àwọn ni wọ́n wá ń sọ pé ẹni tó bá kú nínú fíìmù Họ́líwúùdù, Họ́líwúùdù á sin ín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ẹ́ ẹ̀, ẹ̀dá! Wọ́n jẹ iyán mi, wọ́n fi ẹnu yẹn náà sọ ọ́. Ẹ padà sí ilé ìkẹ́rùsí ní Openshaw, ẹ ń gbàṣẹ lẹ́nu àwọn tí Kúdí jù lọ. Kóòtù onírun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ó lọ jókòó sẹ́yìn, ẹ ó kọjú sí fèrèsé. Mo máa ń wo ẹ̀yìn orí yín, mo máa ń fẹ́ sunkún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fíìmù ló jẹ yín tán. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ dárúkọ fíìmù mọ́. Ohun kan ṣoṣo lẹ̀ ń wá káàkiri ayé: kí Alhaji Múfútáù ya ẹnu rẹ̀ kó ní òun foríjì yín. Ẹ ó sálámà sí i lẹ́yìn ìrun, á kọjú sí ògiri. Ẹ rán mi sí i. Ẹ rán Ìmáàmù sí i. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ dúró nínú òjò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, iná wà nínú ilé, ẹ rí òjìji rẹ̀ lára kọ́tìnì, kò ṣílẹ̀kùn. Síbẹ̀, bó bá ti di Jímọ̀, ẹ ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, bu oúnjẹ Èkejì mi.” Màá bù ú, á tutù, màá dà á padà sínú ìkòkò. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo ní mi ò bù mọ́, mo ní ẹni tí kò wá kò wá. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ dìde, ẹ mú àwo, ẹ lọ bù ú fúnra yín.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá Àmínà ní Scotland. Ẹ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ yín, ọmọ náà ò gbà, ó di yín mú. Ó ní, “Daddy Kúdí, mo ti foríjì yín tipẹ́. Bàbá mi ni mo ṣì ń bínú sí. Ẹ̀yin lẹ ṣe fíìmù, àwọn ló di ọwọ́ Làtí mú.” Ẹ sunkún láti ibẹ̀ títí a fi dé Manchester. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Mo ní kí ẹ dúpẹ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ti foríjì. Ẹ mi orí. Ẹ ní, “Àbẹ̀kẹ́, mo ti wá mọ ìdí tí Èkejì ò fi lè foríjì mí. Bó bá foríjì mí, ara rẹ̀ nìkan ló kù tó máa bínú sí.” Láti ọjọ́ yẹn ni ara yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá yín dúró sí ọsibítù, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹ ó gbé orí sókè. “Ṣé Èkejì ti dé?” Nọ́ọ̀sì ni. “Ṣé Èkejì ti dé?” Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ni. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo pe Alhaji lórí fóònù, mo ní, “Ẹ wá. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà wá dúró kó rí yín.” Ó ní, “Ìyá Kúdí, màá wá lọ́jọ́ Jímọ̀.” Bí mo ṣe sọ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín àtijọ́. Ẹ ní kí n gé irùngbọ̀n yín. Ẹ ní kí n mú fìlà tó dára wá. Mo gé e, mo fi òróró pa ojú yín, ẹ tún lẹ́wà lójú mi bí ọkọ ìyàwó. Ọjọ́rú nìyẹn. Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe ń kírun Àsùbáà, ẹ lọ.

Yéè! Ọjọ́ kan péré, Àkànní. Ẹni tó dúró nínú òjò, ẹni tó bu oúnjẹ fún àga òfìfo, kò lè fi ọjọ́ kan péré kún un? Mi ò mọ ẹni tí màá bi. Ilé dákẹ́. Mo máa ń la ojú, màá gbàgbé, màá na ọwọ́, òtútù ni màá bá lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé á dára. Kí ló máa dára? Kí ló kù tó fẹ́ dára? Ẹ má sọ ọ́ fún mi mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Alhaji Múfútáù, mo mọ̀ pé ẹ máa ka ìwé yìí. Mi ò ṣépè fún yín, ọkọ mi ò ní fẹ́. Ẹ ṣèlérí Jímọ̀, ẹ sì wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Bàbá Kúdí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, torí ẹ ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n gbé yín síwájú. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ìmáàmù béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè níbi òkú, ó ní ẹnikẹ́ni tí Ganíyù bá ṣẹ̀, kó bá wa foríjì í. Gbogbo èrò dáhùn pé àwọn foríjì í. Wọ́n dákẹ́ tán, ohùn kan ò dákẹ́. “Mo foríjì í! Mo foríjì Èkejì mi!” Ó ń sọ ọ́, ó ń tún un sọ, ohùn rẹ̀ ń ya, wọ́n ní kó ṣe sùúrù, kò gbọ́, títí wọ́n fi mú un lápá jáde. Kúdí di mọ́ mi, ó ní, “Mummy, ṣé ẹ gbọ́ wọn?”

Mo gbọ́. Gbogbo wa la gbọ́, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́.

Ẹ sùn re o, Àkànní. Ẹ sùn re, olówó orí mi.